Ilé Ẹnu Ọ̀wá Tó Di Ìgà

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí fún mi, ìyẹn ìdajì rẹ̀. Ìdajì yòókù, ojú mi ló ṣe. Ayálégbé ni ìyá mi nínú ilé náà ní Ẹnu Ọ̀wá. Yàrá kan ṣoṣo tó háyà níbẹ̀ ló bí mi sí, nítorí náà bó bá ń sọ̀rọ̀ ilé yẹn, bíi pé ó ń sọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni.

Bàbá tó kọ́ ilé náà, oníṣòwò aṣọ ni. Kò joyè rí. Ìyàwó méjì ló fẹ́. Ìyàwó àgbà bí obìnrin kan, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Àlájà. Ìyàwó kejì bí ọkùnrin kan, Àlájì. Obìnrin ni àkọ́bí. Nígbà tí bàbá kú, tí ìyàwó àgbà náà sì tẹ̀lé e, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ìyá Àlájà sí, bí wọ́n ti máa ń ṣe ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà. Àràárọ̀ ni Àlájà máa ń gbá orí sàréè yẹn kó tó gbá iwájú ilé.

Ohun kan wà tó yẹ kí ẹ mọ̀. Ní Èkó, ilé olóyè là ń pè ní ìgà. Èyí tí kì í bá ṣe ti olóyè, ilé lásán ni. Ṣùgbọ́n ìyàwó àgbà yìí gbé ọkọ rẹ̀ gẹ̀gẹ̀ débi pé ìgà ló ń pe ilé rẹ̀. Bí ọmọ rẹ̀ bá ń ké, á ní, "Ọmọ ìgà kì í sunkún o." Orí ọ̀rọ̀ yìí ni Àlájà dàgbà sí. Bí ẹnikẹ́ni bá fojú di í ní Ìdúmọ̀tà, á fọwọ́ lu àyà: "Èmi? Ọmọ ìgà!" Ìyá mi a sì máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọba ìgà náà dà, Àlájà?"

"Ó ń sùn. Ẹ má jí i."

Nígbà tó yá, ọjà Ìdúmọ̀tà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ àdúgbò wa. Wọ́n ń wó ilé, wọ́n ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Àlájì fẹ́ wó ilé bàbá wọn. Àlájà ní òun kò gbà, sàréè ìyá òun wà níbẹ̀. Àlájì ní kí ló kan obìnrin. Ni Àlájà bá gba kóòtù lọ. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé yóò jàre, torí àṣà Èkó kò fi ọmọbìnrin sẹ́yìn nínú ilé bàbá rẹ̀. Ìdí igi ni wọ́n fi ń pín in, kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan ní apá tirẹ̀, kóòtù sì ti ń dá a bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó bí ìyá mi.

Àfi bí ìjọba sójà ṣe gbé òfin jáde. Wọ́n ní ìjà oyè ti pọ̀ jù: ta ló yẹ kó jẹ ẹ́, ta ló yẹ kó gbé ìgà, ta ló yẹ kó jáde níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ìjọba ni yóò máa yanjú rẹ̀, kóòtù kankan kò gbọdọ̀ bèèrè nípa rẹ̀ mọ́. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, ẹ gbà mí gbọ́. Wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, pé ẹjọ́ oyè a máa pẹ́ ní kóòtù títí ọmọ á fi jogún ẹjọ́.

Kò pẹ́ rárá tí Àlájì fi lọ wá oyè kan jẹ, oyè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ó kun iwájú ilé ní funfun, ó kan bọ́ọ̀dù mọ́ òkè ilẹ̀kùn: ÌGÀ. Ìyá mi ní omi lòun jáde lọ pọn, àfi bí òun ṣe rí bọ́ọ̀dù, ẹ̀rín sì gba garawa lọ́wọ́ òun.

"Àlájì, ẹ kú oríire o! Ìgbà wo la di ará ìgà?"

"Ẹ rín in dáadáa," ni Àlájì wí. "Ẹ ó sọ ibi tí ẹ máa ti rẹ́rìn-ín lọ́dún tó ń bọ̀."

Ibẹ̀ ni ti ìyá mi parí sí. Èmi ni mo tẹ̀lé Àlájà lọ sí kóòtù, torí mo ti ní ìsọ̀ aṣọ tèmi nígbà náà, kò sí ọ̀gá tí yóò bi mí pé níbo ni mo lọ.

Lọ́yà tiwa ti kìlọ̀ fún un. "Àlájà, ilé ni kí ẹ máa pè é. Ilé, ilé, ilé." Ó ní òun ti gbọ́. Ó fi Kùránì búra. Lọ́yà Àlájì dìde, ó kí i bí ọmọ gidi, díẹ̀ ló kù kó dọ̀bálẹ̀. Ó bi í pé kí ni ibi tó ń gbé, ó ní ilé ni. Bọ́ọ̀dù ńkọ́? Ó ní irọ́ ni. Lọ́yà náà wá rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àlájà, ẹ má bínú o. Àbúrò yín sọ fún mi pé ìyá yín kì í ṣe ìyàwó ilé. Ó ní ọmọ-ọ̀dọ̀ tó ń pọnmi ni."

Lọ́yà tiwa fò dìde, ṣùgbọ́n Àlájà ti fọwọ́ lu àyà.

"Ìyá tèmi? Inú ìgà yẹn ló ti ṣe ìyàwó, inú ìgà yẹn ló sùn sí! Ọmọ ìgà ni mí! Ọmọ ìgà tòótọ́!"

Lọ́yà náà tẹrí ba. "Ẹ ṣeun, Mà. Ó tó mi."

Ẹ̀rín sọ nínú kóòtù. Àlájì tiẹ̀ nu omi lójú.

Adájọ́ yẹn, ọmọ Sàró ni, ọmọ Èkó pọ́nńbélé. Ó mọ ilé yàtọ̀ sí ìgà bí mo ṣe mọ àǹkárá yàtọ̀ sí léèsì. Lọ́yà tiwa bẹ̀ ẹ́ pé ìyangàn lásán ni, kó jẹ́ ká pe àwọn olóyè wá, kó bi wọ́n bóyá ìgà ni. Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń sọ láti àárọ̀, Yorùbá ló fi dá Àlájà lóhùn.

"Ìyá, ìbéèrè yẹn gan-an ni òfin ní n kò gbọdọ̀ bèèrè. Bọ́ọ̀dù ní ìgà ni. Ẹ̀yin náà búra, ẹ ní ìgà ni. Bí mo bá bèèrè bóyá irọ́ ni, mo ti wọ ibi tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ wọ̀."

Ó pa fáìlì dé. Wọ́n pe ẹjọ́ mìíràn.

Àlájà ṣì dúró níbẹ̀. "Ṣé ó dá mi láre ni?" ó bi mí. Akọ̀wé kóòtù ló dá a lóhùn: "Ìyá, kò dá yín láre, kò dá yín lẹ́bi. Ẹ sún, àwọn míì ń bọ̀."

Nígbà tí Àlájì kó àwọn lébírà dé, Àlájà lọ jókòó sórí sàréè ìyá rẹ̀. Àlájì bá a níbẹ̀.

"Àǹtí mi, ẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ búra pé ìgà ni. Nínú ìgà, olóyè ló ń sọ ẹni tó máa gbé e. Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ gba kóòtù lọ."

Àwọn lébírà bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ọmọ ìgà, ẹ ṣípò fún wa, ẹ jọ̀ọ́."

"Jẹ́ kí n kó egungun ìyá mi," ni Àlájà wí. "Ìyẹn nìkan."

Àlájì gbọnrí, ó fa tẹ̀sùbáà jáde. "Ẹ̀sìn wa kò gbà ká hú òkú." Ó wá ṣẹ́jú sí àwọn lébírà náà, wọ́n gbé Àlájà tòun ti ẹní. Sìmẹ́ńtì ni wọ́n dà sórí sàréè náà.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi, tó ti kó lọ sí Ọbáléńdé, ló sá sí, nínú yàrá kan tí òjò ń jò sí. Ṣọ́ọ̀bù tẹlifíṣọ̀n ni ilé Ẹnu Ọ̀wá dà. Àlájà a máa lọ síbẹ̀, á wọlé, á dúró sí igun tí sàréè ìyá rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ọmọ tó ń tajà á bi í, "Mama, wetin you wan buy?" Nígbà tó yá, wọ́n ní kó má wọlé mọ́, pé ó ń lé oníbàárà. Ó kú kí sójà tó lọ. Wọ́n lọ tán, a sì lè bi kóòtù ní ohun tó bá wù wá báyìí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí, ká ní ẹ̀yin lẹ jókòó sórí àga adájọ́ lọ́jọ́ náà, tí ẹ mọ̀ dájú pé ilé ni, tí sójà sì wà nílé ìjọba, ṣé ẹ máa bèèrè?