Wọ́n Gbàdúrà fún Olúwadára Títí Ó Fi Kú

Olúwadára ti kú ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má bínú sí kọ́lẹ́ẹ̀jì onígbàgbọ́ tó ń lọ o. Wọn ò fi àdúrà dù ú rárá.

Ọmọ Ọ̀yọ́ ni. Èmi tí mo dàgbà sókè òkun, òun ló ń tún ahọ́n mi ṣe. Lọ́jọ́ kan ní Ọjà Akẹ̀sán, ọkọ́ ni mo fẹ́ rà, "ọkọ" ló jáde lẹ́nu mi. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìsọ̀ onísọ̀ mú. "Ẹ̀gbọ́n, wọn kì í tà á níbí o. Bí wọ́n bá ń tà á ni, èmi náà ì bá ti ra tèmi!"

Ọkùnrin ló máa ń wù ú. Nígbà tí àṣírí náà wúwo jù, ó lọ sọ ọ́ fún olùgbaninímọ̀ràn kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ìyẹn ní kò ní jáde. Kò kúkú jáde. Ó kàn di kókó àdúrà ní ìsìn òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni, torí òfófó téèyàn bá dijú sọ, àdúrà ni lọ́dọ̀ wa.

Látìgbà náà, ta ló bá a jẹun? "Brọ́dà Dára, à ń rántí yín níwájú ìtẹ́ o!" Wọ́n á sì gbé àwo wọn lọ sórí tábìlì mìíràn.

Ó ní ásímà, ikọ́ fée tó máa ń há èémí mọ́ ọn láyà. Inú yàrá ìtúsílẹ̀, níbi tí wọ́n mú un lọ láti lé ẹ̀mí tí wọ́n ní ó ń mú kí ọkùnrin wù ú jáde, ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń nawọ́ sí báàgì tí oògùn tó máa ń fà sẹ́nu wà nínú rẹ̀. Wọ́n gbé báàgì sẹ́yìn. Ìmísí, ọmọ kíláàsì rẹ̀, pariwo pé, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́sípítù!"

Aṣáájú àdúrà jágbe mọ́ ọn: "O fẹ́ bà á jẹ́ ni? Ṣé o ò rí i pé ẹ̀mí náà ti ń jáde?"

Kò purọ́. Ẹ̀mí ń jáde lóòótọ́. Ti Olúwadára ni. Ọ̀kadà sì wà lẹ́nu géètì.

Ìyá rẹ̀, Màmá Comfort, fẹ́ wá wo ibi tí wọ́n sin ín sí. Wọ́n ní èèwọ̀ ni, ìyá kì í rí sàréè ọmọ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì tó ń pe àṣà ní ìbọ̀rìṣà látọdún dé ọdún! Àṣà ti rí ìgbàlà.

Ẹ̀yin aláṣẹ kọ́lẹ́ẹ̀jì, mi ò bá yín jiyàn Bíbélì. Ẹ yọ ẹni tó tú àṣírí rẹ̀ kúrò lórí àga ìmọ̀ràn kí ọmọ mìíràn tó wọlé tọ̀ ọ́. Ẹ ti yàrá ìtúsílẹ̀ yẹn pa. Kí ẹni tó gbé báàgì náà sì jókòó síwájú Màmá Comfort lọ́sàn-án gangan, kó sọ fún un ìdí tí ọmọ rẹ̀ fi ń nawọ́, tí òun ò sì mú oògùn rẹ̀ fún un.