Etí Òsì Bàbá Túnmiṣe

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni Sẹ̀kínát fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣe ní Houston. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé ọmọ-ọmọ ni yóò máa tọ́jú. Ìda oyin ló lọ ń yọ́ ní gáréèjì! Á yọ́ ọ lórí sítóòfù oníná, á po àwọ̀ lẹ́búlẹ́bú mọ́ ọn, á sì yára fi kun pákó kó tó dì. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló ti rí irú rẹ̀: ojú àwọn ará Íjíbítì àtijọ́ tí wọ́n fi ìda yà, tí ẹyinjú wọn ṣì ń dán gbinrin.

Ó ti ya igi, ó ti ya ìkòkò. Ojú kan ṣoṣo ló ń wù ú yà, ojú Babáwálé ọkọ rẹ̀. Ẹnjiníà tí kì í bẹ̀rù ohunkóhun lórí freeway yìí ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ti gbọ́ pé ojú òkú ni wọ́n ń so irú àwòrán bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n sì ń sin bàbá tirẹ̀ ní Ìlá ni ayàwòrán gbé àwòrán olóògbé dé. Ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó rí ekòló, á sá.

“Ìyá Túnmiṣe, mi ò tíì kú o. Lọ paint ológbò.”

“Bàbá Túnmiṣe, ààyè làwọn yẹn wà nígbà tí wọ́n yà wọ́n.”

“Níbo ni wọ́n wà báyìí?”

Ọ̀rọ̀ náà dun Sẹ̀kínát wọra. Ojú tó ń jí rí láràárọ̀, wọn ò jẹ́ kó yà á.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Babáwálé wá mú rọ́bà omi ní gáréèjì, ó bá Sẹ̀kínát tó ń fi iná ra àwòrán ìkòkò àtijọ́ kan, tó ń fẹ ẹnu ìkòkò náà sí i.

“Ṣebí o ti parí ìyẹn?”

“Ìda kì í parí. Tí iná bá ti kàn án, á rọ̀, màá tún un ṣe.”

Ó họ orí. “Ojú èèyàn náà ńkọ́?”

“Bákan náà ni.”

Ó fa àga, ó jókòó. “Ó dáa, yà mí. Ṣùgbọ́n má parí ẹ̀ o.”

Inú Sẹ̀kínát dùn. Ó ya gbogbo ojú náà pé, àfi etí òsì. Bísọ́lá àbúrò rẹ̀ rí i ní pálọ̀, ó rẹ́rìn-ín títí: “Ta ló gé etí Bọ̀ọ̀dá?”

Nígbà tí ọjọ́ìbí Babáwálé pé, gáréèjì ni Sẹ̀kínát ti bá a. Ó ti gbé àwòrán náà sọ̀ fúnra rẹ̀, ó ti tan sítóòfù.

“Irùngbọ̀n mi ti funfun sí i. Wá fi kún un.”

Sẹ̀kínát kun irùngbọ̀n tán, ó wá na ọwọ́ sí ibi etí. Kíá ni Babáwálé fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí ara rẹ̀.

“Rárá o. Ìyẹn di ọdún tó ń bọ̀.”

Sẹ̀kínát wo ọkọ rẹ̀, ó pa iná sítóòfù.

“Àmín,” ló wí.