Yẹtí Ìyá Wa Lórí Èédú Baba

"Imú ni kí o fi mí. Ẹnu ti níṣẹ́ tirẹ̀."

Páìpù tín-ínrín ló wà lẹ́nu mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi méjèèjì wú bíi ti ọmọ tó há àkàrà sẹ́nu, mo sì ń fi èémí darí iná àtùpà sórí wáyà kọ́pà méjì tí mo fẹ́ jó pọ̀. Bí mo bá fi ẹnu mí, iná á wó. Bí n kò bá sì mí rárá, òyì á kọ́ mi. Baba alágbẹ̀dẹ wúrà, aládùúgbò wa, jókòó sórí àpótí rẹ̀, ó ń fi fáìlì ha òrùka, kò tiẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi. Etí ló fi ń ṣọ́ mi. Bí iná bá ti yí ohùn padà báyìí, á ní, "O tún ti mí."

Yàrá kan péré ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, lẹ́yìn Ọjà Tuntun, ojúlé kejì sí ilé wa. Òórùn kẹrosíìnì àti èédú ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́yìn náà òórùn omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó fi ń se iṣẹ́ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú iná jáde kó lè mọ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá wa kú, ló ní kí n lọ máa jókòó tì í ní họlidé kí n yéé rìn káàkiri. Àwọn tó ń kọjá a máa ní, "Baba, obìnrin kẹ̀, nídìí iná?" Baba á ní, "Ta ló ń wọ wúrà?"

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò pọ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́nà tirẹ̀. Ó kọ́ mi pé èyí tó tóbi ni kí n kọ́kọ́ fi iná fún, torí kékeré ò ní pẹ́ gbóná. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi ìyẹ́ adìẹ kun omi bórásì sí ojú ibi tí a fẹ́ jó, kí a tó gbé ẹ̀rún sódà tí yóò yọ́ lẹ̀ wọ́n pọ̀ lé e. Aago ò sí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn. Ó ní, "Bí bórásì bá ti dákẹ́ híhó, ka Kùlíúwáláhù kan sínú. Bí o bá parí ẹ̀, gbé iná kúrò." Súrà kúkúrú yẹn ni aago wa; bí gbogbo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ṣe kọ́ ọ nìyẹn. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jó kọ́pà bẹ́ẹ̀, èmi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé mo ti di nǹkan.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi gbé yẹtí ìyá wa wá. Òdòdó wúrà kékeré méjì ni, ìkọ́ ọ̀kan ti já. Ọjọ́bọ̀ ni wọlimọ́tù rẹ̀, ọjọ́ tí yóò jókòó gẹ́gẹ́ bí ìyàwó síwájú àwọn aáfà láti ka Kùránì. Ó ní, "Baba, ohun kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ wa nínú nǹkan Ìyá nìyí." Baba fi òwú wé e, ó gbé e sórí pẹpẹ.

Ní ọjọ́ Ajé, Baba lọ kírun aláásàrì. Ó ní kí n máa jó kọ́pà mi. Mo gbé yẹtí náà. N kò ní parọ́, ìlara ló ṣe mí. Ẹ̀gbọ́n mi rántí ohùn ìyá wa, ó rántí oúnjẹ rẹ̀, ó rántí bó ṣe ń bú èèyàn. Èmi ò rántí nǹkan kan. Mo fẹ́ kí ọwọ́ tèmi náà wà nínú ohun ìyá mi.

Ẹ gbọ́ ohun tó bà á jẹ́. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, aáfà wa ní ilé kéú ti nà mí torí pé mo ń sáré ka ọ̀rọ̀ Ọlọ́un. Ó ní kí n máa fà á, kí n máa fún gbogbo rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́. Nígbà tí bórásì dákẹ́ lójú ìkọ́ yẹtí náà, mo bẹ̀rẹ̀ Kùlíúwáláhù nínú ọkàn mi, mo fà á bí aáfà ṣe wí. Wọ́n ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí n tó dé ìdajì, ewé òdòdó náà ti rọ̀, ó wó, ó di hóró kan bí ẹ̀wà lórí èédú.

Baba wọlé, ó wò ó. Ó bi mí pé, "Báwo lo ṣe kà á?" Mo kà á síta tẹkúntẹkún, bí mo ṣe kà á gan-an. Ó gbọ́ ọ dópin. Ó ní, "O kà á dáadáa. Ti aáfà nìyẹn. Ti alágbẹ̀dẹ yá jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ibi tí mo ti ń nu ojú mi ni ẹ̀gbọ́n mi bá wa. Kí n tó la ẹnu, Baba ti dìde. "Ọwọ́ mi ló ṣì í. Ẹ má bínú." Bàbá tó ti hu ewú, ó ń sọ "ẹ" fún ọmọ ogún ọdún. Omi bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n mi, ó jáde. Mo dúró síbẹ̀ bí òpó, n kò sọ nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kejì, Baba yọ́ hóró yẹn, ó lù ú di pẹlẹbẹ, ó gé ewé òdòdó tuntun nínú rẹ̀, ó fi èkejì ṣe àwòkọ. Nígbà tó ku ìkọ́ nìkan, ó na páìpù sí mi. Mo ní n kò ṣe mọ́. Ó ní, "Ìyá ta ni?" Mo gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí òun ló kà á sókè, kíákíá, bí ẹni tí òjò ń lé bọ̀, èmi sì ń fẹ́ná. Sódà náà tàn bí omi, ó mú. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yẹtí náà lọ́jọ́bọ̀, ó ka Kùránì tirẹ̀ láìṣìṣe. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bó bá rí Baba ládùúgbò, ìkíni lásán ni, kò dúró rí.

Baba kú lọ́dún tó kọjá. Níbi fìdáù rẹ̀ ni mo ti sọ òótọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, lórí bẹ́ǹṣì, lábẹ́ tapólì. Nígbà tí àdúrà parí, ó yọ yẹtí méjèèjì kúrò létí, ó kó wọn sí mi lọ́wọ́. "Èwo lo bà jẹ́ níbẹ̀?"

Mo yí wọn síwá, mo yí wọn sẹ́yìn. Èmi tí mo ń fi iṣẹ́ yìí jẹun ní àdúgbò Fate lónìí, n kò dá a mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mi ò sì kí bàbá yẹn dáadáa rí." Ẹ̀bi tèmi ni, kì í ṣe tirẹ̀. "Ẹ má bínú" tí Baba sọ lọ́jọ́ yẹn, ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde, ó sì ṣì wà níbẹ̀.