Ọjọ́ Orí Tí Mo Kọ Sínú Fọ́ọ̀mù Ìfẹ̀yìntì

Irọ́ ọdún mẹ́fà ni mo gbé wọ Amẹ́ríkà. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nílé kì í gba ẹni tó bá ti dàgbà jù, ni bàbá mi bá mú mi lọ búra ní kóòtù pé mo fi ọdún mẹ́fà kéré sí ọjọ́ orí mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe é nígbà náà. Ọjọ́ orí kóòtù ló wọ ìwé ìrìnnà mi, òun náà ló sì sọ dókítà tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní Hyde Park níbẹ̀ di ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ Yorùbá bíi tèmi ni. Láràárọ̀ ni mò ń kúnlẹ̀ kí i lẹ́nu ọ̀nà, kódà nígbà tí òtútù ti ba orúnkún mi jẹ́. Ó máa ń bí mi nínú, ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ sùn?

Èmi ni mò ń darí ilé ìwòsàn rẹ̀, nítorí náà, nígbà tó yá, ó sọ mí di onípìn-ín níbẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì síwájú mi.

"Òfin àwọn tó ń san owó náà le díẹ̀," ó ní. "Àwa dókítà lè retire nígbà tó bá wù wá. Partner tí kì í ṣe dókítà gbọ́dọ̀ pé sixty-five. Kọ date of birth rẹ síbẹ̀, àbúrò."

Mo mú bírò, n kò kọ nǹkan kan. Lóòótọ́, mo ti pé márùndínláàádọ́rin; bí mo bá kọ ti kóòtù, ọdún mẹ́fà gbáko ni n óò fi dúró lórí orúnkún tó ń ro mí yìí. Bí mo bá kọ òótọ́, bóyá iṣẹ́ gan-an á bọ́. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi ti lé ní ogún.

Mo yọ káàdì ìrìbọmi mi, tí wọ́n kọ ọjọ́ ìbí mi gan-an sí, nínú báàgì. "Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Real age mi nìyí."

Ó kà á, ó fi ìka ka iye ọdún tí mo fi jù ú lọ. Lẹ́yìn náà ló so káàdì náà mọ́ fọ́ọ̀mù. "Ẹ kọ ọdún tòótọ́," ó ní. "Màá bá lawyer sọ̀rọ̀."

Àwọn tó ń san owó náà gba káàdì náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo fi káàdì hàn án ni n kò lè gbàgbé. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo ti fẹ́ kúnlẹ̀, mo rí dókítà tó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ tòun ti ẹ̀wù òtútù lọ́rùn, tó fi ọwọ́ kan kápẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

Láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé, ẹnikẹ́ni kò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo sunkún níbẹ̀, lórí ìdúró.