Ẹni Tí Mo Gbé Jókòó Sínú Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ọkọ̀ Òfurufú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí ní Ẹ̀pẹ́. Ẹ má bi mí bóyá òótọ́ ni. Ìgbà wo ni mo purọ́ fún yín rí? Ọ̀rọ̀ ọ̀nì tó fi imú ti ọkọ̀ mi láti Èbúté Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ nígbà tí epo tán, òótọ́ ni ìyẹn náà. Ẹni tí kò bá gbà kó lọ bi ọ̀nì.

Ẹ mọ̀ pé awakọ̀ ojú omi ni mí kí orúnkún tó dá mi jókòó sí Itamaga ní Ìkòròdú. Gbogbo ọkọ̀ tí mo wà, ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni. Ẹ sì mọ àṣà wa lórí ọ̀sà: orúkọ ẹni tó ni ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ sí iwájú rẹ̀. Mo wa "Ìyá Sùwé" pẹ́ títí, àwọn èrò wá ń pe èmi alára ní Ìyá Sùwé. Èmi, pẹ̀lú irùngbọ̀n. "Látíìfù", orúkọ tèmi gan-an, kò sí lára ọkọ̀ kankan.

Ọmọbìnrin mi ra kọ̀ǹpútà tuntun, ó fún mi ní èyí tó ti gbó. Kí ni arúgbó fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe? Fíìmù kan wà tí mo ti ń wò láti ìgbà tí tẹlifíṣàn kò tíì ní àwọ̀, fíìmù àwọn òyìnbó tó ń wa ọkọ̀ òfurufú láti orí ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, bí ẹni ń lọ Ṣágámù. Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju àwọn tó wà nínú rẹ̀ lọ. Ni mo bá ń wo fídíò lórí fóònù, mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà mọ irú rẹ̀.

Ẹni tí kò bá mọ iṣẹ́ náà, kó ro àwọ̀n ẹja. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ ó máa so mọ́ra, ojú àwọ̀n kan tẹ̀lé òmíràn, títí yóò fi rí bí ọkọ̀. Ìgbà yẹn lẹ ó tó da awọ bò ó, kí ẹ kùn ún, kí ẹ tanná sí i. Tí ojú àwọ̀n kan ṣoṣo bá wọ́, ara ọkọ̀ á wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń dùn. Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ dà bí agolo mílíìkì tí ọkọ̀ akẹ́rù gùn kọjá.

Mo wá wọ ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ fíìmù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ará Ìkòròdú, ará Ẹ̀pẹ́, ará ìlú òyìnbó, gbogbo wa la wà níbẹ̀. Òfin wọn kan ló gbà mí lọ́kàn: ẹni tó bá mọ ọkọ̀ parí, tí ẹgbẹ́ sì gbà á, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò máa fi pe ọkọ̀ náà títí ayé. Ọkọ̀ Látíìfù. Ẹ ò rí i? Ohun tí ọ̀sà fi dù mí, ojú ọ̀run fẹ́ fún mi.

Ṣùgbọ́n Alájì Rájí wà níbẹ̀. Ará Ẹ̀pẹ́ ni, akọ̀wé ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ó fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Òyìnbó pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ débi pé kì í ráyè tutọ́. Kò lè mọ igun kan lórí kọ̀ǹpútà, àmọ́ kò sí ọkọ̀ tí kò lè bú. Mo fi tèmi hàn, ó kọ ọ́ síwájú gbogbo ayé pé, "Látíìfù, ṣé ọkọ̀ nìyí, àbí orí àrọ̀ tí wọ́n yan tí wọ́n gbàgbé sórí iná?"

Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Mo tún orí rẹ̀ ṣe.

Ó tún dé. Ó ní ìdí ọkọ̀ náà rí bí ti ìyàwó mi olóògbé, pé kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè gbé e. Ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín títí.

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi." Mo dín ìdí náà kù. Ohun tó dùn mí jù ni pé òótọ́ ló sọ nípa ọkọ̀ náà.

Bí mo ṣe ń tún un ṣe nìyẹn, èébú kan, àtúnṣe kan. Nígbà tó yá, ọkọ̀ náà dára débi pé adìyẹ aládùúgbò mi tó gun tábìlì rò pé àṣá ló wà lójú kọ̀ǹpútà. Ó fò jáde. Kò yé ẹyin mọ́ títí dòní.

Ìgbà náà ni Rájí pè mí, ohùn rẹ̀ ń ṣàn bí oyin. Ó ní ẹgbẹ́ fẹ́ ṣe àfihàn ní gbọ̀ngàn kan ní Ẹ̀pẹ́, kí n fi ọkọ̀ náà ránṣẹ́ kí òun bá mi yẹ Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ sára rẹ̀ wò. Ẹ gbọ́ ná, ẹni tó ti ń bú ọbẹ̀ láti àárọ̀, tó wá ń béèrè ìkòkò, ṣé ó fẹ́ bá mi fọ̀ ọ́ ni?

Ohun kan wà tí gbogbo ẹgbẹ́ máa ń jiyàn lé: nínú fíìmù yẹn, kò sẹ́ni tó rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí. Èmi tí mo ti gbé èrò lórí omi, mo mọ̀ pé èrò á yàgbẹ́. Mo ti ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, mo fi ilẹ̀kùn sí i. Kí n tó fi ọkọ̀ ránṣẹ́, mo wá mọ ẹnìkan síbẹ̀. Mo mọ orí pípá. Mo mọ ikùn. Mo fa ṣòkòtò wálẹ̀ dé kókósẹ̀. Mo so káàdì orúkọ mọ́ ọn lọ́rùn, irú èyí tí Rájí kò tíì bọ́ láti ìgbà iṣẹ́ ìjọba, mo kọ "RÁJÍ" sí i gàdàgbà. Ojú rẹ̀ ló gbà mí lásìkò jù, nítorí mo fẹ́ kí ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé ìgbẹ́ náà kò fẹ́ wá. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi ránṣẹ́.

Ọjọ́ àfihàn pé. Hájíà Sìdí wà ní ìlà iwájú, opó tí Rájí ń bẹ̀ pé kó fẹ́ òun. Ó ti ní lẹ́yìn àfihàn lòun yóò fèsì. Ọkọ̀ mi hàn gbàgàdà lára ògiri, àwọn ará ìlú òyìnbó náà ń wò ó lórí kọ̀ǹpútà tiwọn. Rájí dìde, ó ní ọwọ́ òun lòun fi mọ ọ́n.

Èmi náà dìde. Mo dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú orúnkún mi. "Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ rántí ṣe ilé ìgbọ̀nsẹ̀?"

"Látíìfù, kí ni mi ò rántí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i fún wa. Ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì."

Ó ṣí i.

Òun gan-an ló jókòó síbẹ̀, káàdì lọ́rùn. Rájí sáré fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó tẹ ohun tí kò yẹ, àwòrán náà bá ń tóbi sí i títí ojú rẹ̀ fi gba gbogbo ògiri, pẹ̀lú òógùn tí mo fi síwájú orí.

Hájíà Sìdí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. "Alájì, ẹ jókòó síbẹ̀, ẹ má dìde. Èsì mi ò kánjú mọ́."

Rájí wò mí, omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Látíìfù, kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n mi."

Ó jáde láìmú fìlà. Mo jẹ ẹja tútù ní Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ náà, mo sì rẹ́rìn-ín dé Itamaga.

Ẹgbẹ́ gba ọkọ̀ mi. Inú àwọn òyìnbó dùn, wọ́n ní òun nìkan ló ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ mọ orúkọ náà? Ọkọ̀ Rájí.

Wọ́n ní ṣebí Rájí fúnra rẹ̀ ló sọ pé òun mọ ọ́n? Orúkọ ta ló wà nínú ọkọ̀? Wọ́n ní oníṣẹ́ ọnà a máa fi ara rẹ̀ pamọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀, àmọ́ àwọn kò tíì rí onírẹ̀lẹ̀ tó fi ara rẹ̀ sórí ihò ìgbọ̀nsẹ̀ rí. Mo kọ̀wé pé èmi ni mo mọ ọ́n. Mo rán wọn létí ọkọ̀ mi tí Rájí ń bú; wọ́n ní orí àrọ̀ nìyẹn, kì í ṣe ọkọ̀ yìí. Wọ́n bi mí pé, tó bá jẹ́ èmi ni, kí ló dé tí Rájí fi wà níbẹ̀? Mo yọ ọ́ kúrò, mo fi òmíràn ránṣẹ́. Wọ́n ní ayédèrú ni, nítorí kò sí Rájí níbẹ̀.

Rájí kò jáde nílé mọ́. Hájíà kò fẹ́ ẹ. Rájí kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ọkọ̀ náà sétí. Èmi tí mo fẹ́ orúkọ, n kò rí i. Mo pè é, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó sọ òótọ́ fún ẹgbẹ́, gbólóhùn kan péré. 

"Ẹ ṣé, àbúrò mi," ló wí. Ó gé fóònù.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí: ohun tí ẹ bá fẹ́ kó pẹ́ láyé, ẹ má gbé ọ̀tá yín jókòó sínú rẹ̀. Lánàá, òyìnbó kan tún kọ̀wé sí mi, ó ní kí n bá òun kí Rájí. Ìyá Sùwé ni mí lórí omi, ìránṣẹ́ Rájí ni mí lójú ọ̀run. Ẹ̀yin ńkọ́, ta lẹ fẹ́ dójú tì tó di pé ẹ̀yin lẹ wá sọ ọ́ di olókìkí? Ẹ kọ tiyín sísàlẹ̀, kí n lè rí ẹlòmíràn bú.