Pàṣán Tíṣà Bámigbóyè àti Ìjọ́ Karùn-ún

Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín kì í ṣe ìjàpá, kì í sì í ṣe ẹranko kan tó ń fọhùn nínú àlọ́ abẹ́ òṣùpá, ṣùgbọ́n ó rorò ju ẹkùn lọ. James Bámigbóyè ni, ọmọ Ìsánlú, tó ń ṣe tíṣà ní Kabba nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣì ń ti Kàdúná jọba lé wa lórí. Àyà rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn ààfin. Ohùn rẹ̀ dùn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣùgbọ́n bó bá mú pàṣán, ewúrẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé ìwé á sá.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ló ń fún àwọn ọmọ ní ìdánwò ìṣirò. Iye èyí tí o bá gbà sódì ni iye pàṣán tí wàá jẹ. Kò ní sọ ibi tí o ti ṣì í fún ọ. "Ẹ̀yìn rẹ ni yóò sọ fún orí rẹ," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ òun náà, àpá rẹ̀ sì wà lára rẹ̀.

Priscilla ọmọ mi wà ní kíláàsì rẹ̀. Ó mọ ìṣirò dáadáa, àfi tó bá kan ti ọjọ́. Lọ́jọ́ Ẹtì kan tó jẹ́ ìṣirò ọjọ́ nìkan ni Tíṣà fi dán wọn wò, ó délé, ó dojú bolẹ̀ lórí ẹní. Aṣọ ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Mo fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ ẹ́, mo rọra ń ṣí i. Awọ bá aṣọ wá. Kò ké. Èmi ni mo ké.

Ọlábímtán ọkọ mi ti oko dé láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó rí i.

"Ta ló bó ọmọ mi bí iṣu?"

"Tíṣà ni. Wọ́n ní ó gba ìṣirò sódì."

"Ìyá Priscilla, gbọ́ mi. Bí pàṣán bá tún kàn án nítorí ìwé, ìwé ti parí nìyẹn. Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀ ló ń lọ, sílé ọkùnrin tó ti ń bẹ̀ wá láti fẹ́ ẹ."

Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́tàlá.

Nígbà tí ọjọ́ Ajé mọ́, ọkọ mi gbé kùmọ̀. Mo sáré tẹ̀ lé e. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà kíláàsì.

"Okun o, Tíṣà."

"Okun o, bàbá. Ṣé kò sí o?"

"Mo wá kọ́ ìṣirò ni."

Ó ti la kùmọ̀ mọ́ ọn. Tíṣà kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó fi orí kan ọkọ mi nímú, ẹ̀jẹ̀ bo òun náà lójú. Bẹ́ǹṣì dojú dé, àwọn ọmọ ń fò jáde lójú fèrèsé. Kùmọ̀ kejì bà á lápá ọ̀tún. Mo gbọ́ ọ: kọ́, bí ìgbà tí ènìyàn ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Àwọn àgbà parí ìjà kí àwọn dòńgárì, ọlọ́pàá ọba, tó gbọ́. Wọ́n gbé Tíṣà lọ sọ́dọ̀ bàbá Lájídé tó ń to eegun. Ọkùnrin mẹ́rin dì í mú, ó ń bú bíi màlúù.

"Tíṣà," ni Lájídé wí, "a gbọ́ pé ẹ kì í fẹ́ kí ọmọ ké. Ẹ̀yin náà, ẹ panu mọ́." Ó tún fà á. Nígbà tó dè é tán, ó ní, "Ẹ padà wá ní ọrún, ní ìjọ́ karùn-ún."

Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ èyí tó kù fún mi. Ó jókòó nílé, ó ń fi ìka ọwọ́ òsì wá ọjọ́ tí òun yóò padà: Ajé, Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Ẹtì. Ìka tán. Ó rántí ọ̀kan nínú àwọn ìbéèrè tó bó ẹ̀yìn ọmọ mi: ẹnì kan ra ewúrẹ́ lọ́jọ́ Ajé, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ wo ló kú? Ìwé ní Àbámẹ́ta. Òun náà sì ti ka Ajé mọ́ ọn!

Ó fa ìwé ìdánwò àwọn ọmọ yọ lábẹ́ ibùsùn. Ẹtì. Ẹtì. Ẹtì. Gbogbo ìṣirò ọjọ́ tí wọ́n gbà sódì, ọjọ́ kan péré ló fi dín, kò sí èyí tó lé. Kì í ṣe olódo ni wọ́n. Bí a ti ń ka ọjọ́ ọjà ni wọ́n ń kà á.

Ọkọ mi ti ní Priscilla kò lọ sílé ìwé mọ́; mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí ọmọ náà ṣe ìdánwò kan sí i. Lọ́jọ́ náà, ọkọ mi jókòó sábẹ́ máńgòrò ilé ìwé, kùmọ̀ wà lórí itan rẹ̀, èmi náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ jáde.

"Pàṣán mélòó?"

"Kò nà mí, bàbá."

"O gba gbogbo rẹ̀?"

"Mo ṣi ọ̀kan."

Ọkọ mi dìde. "Kí ló wá fún ọ?"

"Ó ní mo ka òní mọ́ ọn. Ó ní kí n fi òní sílẹ̀, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀la. Mo tún un ṣe, mo gbà á."

"Kí o fi òní sílẹ̀? Ṣé òní kì í ṣe ọjọ́ ni?"

Ó wọlé tòun ti kùmọ̀. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, ó já a gbà lọ́wọ́ mi. Tíṣà fẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n fi aṣọ so apá rẹ̀ kọ́ ọrùn.

"Bàbá, lọ́jà, à ń ka òní. Nínú ìwé, a kì í kà á. Èmi ni mi ò sọ ọ́ fún wọn."

Ọkọ mi ka ìka tirẹ̀, ó tún un kà.

"Nítorí òní yìí lo ṣe bó ọmọ mi lẹ́yìn?"

"Òun ni."

"Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe dá ọ lápá?"

"Òun náà ni, bàbá."

Ọkọ mi ju kùmọ̀ sínú igbó, kò sì dárúkọ Ìyah-Gbẹ̀dẹ̀ mọ́. Priscilla kàwé tán. Apá Tíṣà jinná ní wíwọ́; kò lè gbé e ga kọjá èjìká mọ́ láéláé. Ẹnu ló kù tó ń fi kọ́ wọn.