Ẹ̀wù Irin Kò-Wúwo

Kò sí ẹni tó ń pe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́. Kò-Wúwo ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kò sí ẹrù tí ẹ lè fi hàn án tí kò ní fojú wọ̀n, kó rẹ́rìn-ín, kó ní, "Kò wúwo." Ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa fíríìjì. Ó sọ bẹ́ẹ̀ nípa àpótí irin tí agbẹjọ́rò kan ń kó ìwé sí. Ó tún sọ bẹ́ẹ̀ nípa ìyá ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ tí a gbé màmá náà lórí àga jáde nílé ìwòsàn, màmá sì bínú, ó ní ṣé òun ti wá rù tó bẹ́ẹ̀ ni.

Iṣẹ́ wa ni ká máa bá àwọn tó ń kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn kẹ́rù. Lọ́rì ni tèmi, ẹ̀yìn àti apá ni tiwọn, òun àti àbúrò ìyàwó rẹ̀ tí a ń pè ní Rọra. Mo ti pẹ́ nídìí òwò yìí débi tí mo fi mọ̀ pé dígí kan ṣoṣo tó bá fọ́ lè kó gbogbo èrè ọjọ́ náà lọ, nítorí náà mò ń tọ́jú àwọn méjèèjì bí ẹni tó gbé ẹyin lọ́wọ́.

Orí àtẹ̀gùn ni iṣẹ́ náà ti ń le. Bí a bá ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀, ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń gba ìwúwo, ẹ̀yìn ló fi ń rìn, kò rí ibi tó ń gbẹ́sẹ̀ sí. Ẹni tó wà lókè ló ń ríran fún àwọn méjèèjì. Kò-Wúwo ló máa ń wà nísàlẹ̀. Rọra á wà lókè, á máa ké pé, "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra." Kódà bí ewu kankan ò sí, á ṣì máa ké e, bí ẹlòmíràn ṣe ń mí ni òun ṣe ń sọ ọ́. Àmọ́ ẹnu kọ́ ni wọ́n fi ń gbọ́ ara wọn yé. Ara ẹrù náà ni. Bí ọwọ́ Rọra bá gbọ̀n lókè, Kò-Wúwo á ti mọ̀ nísàlẹ̀, á dúró kí ẹnikẹ́ni tó wí nǹkan kan. Mo mọ àwọn tọkọtaya tí wọn ò gbọ́ ara wọn yé tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tó yá, ẹ̀yìn Kò-Wúwo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà. Ó fi pa mọ́. Á tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nílẹ̀, bí a bá bi í, á ní okùn bàtà òun lòun ń wò, bẹ́ẹ̀ bàtà náà ò lókùn. Ọjọ́ tí kò lè nàró mọ́ níwájú ilé oníbàárà ni a gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti jẹ, kó yáa fi ẹrù gbígbé sílẹ̀.

Nínú lọ́rì, ó kù díẹ̀ ká délé. Ó wá ní, "Ọ̀gá, tí mi ò bá gbé ẹrù mọ́, kí ni n ó máa jí sí láàárọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Mo wádìí kiri títí mo fi bá ọkùnrin kan tó ń ta ohun èlò ilé ìwòsàn pàdé, òun ló fi ẹ̀wù irin kan hàn mí. Ọ̀pá fẹ́ẹ́rẹ́ méjì ló bá ẹ̀yìn lọ, ìgbànú wà nídìí, okùn wà ní itan, bátìrì sì wà lẹ́yìn bí àpò ọmọ iléèwé. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ tí o fẹ́ dìde, ẹ̀rọ náà á bá ọ dìde. Bọ́tìnnì mẹ́ta wà níwájú àyà. Èkíní á dá ẹ̀yìn tí o ní tẹ́lẹ̀ padà fún ọ. Èkejì á fi díẹ̀ kún un. Ẹ̀kẹta, ọkùnrin náà ní, á sọ ẹnì kan di méjì. Ó gbà ká fi gbìyànjú wò fún oṣù kan ná.

Nígbà tí mo gbé e délé Kò-Wúwo, ó wò ó bí ẹni tó rí ejò.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Díákónì ni mí. Ọlọ́run tó dá ẹ̀yìn mi ò fi bátìrì sí i."

Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò gbójú sókè. "Bàbá àwọn ọmọ, eyín iwájú tó wà lẹ́nu yín yẹn, ta ló fi í síbẹ̀?"

"Ìyẹn yàtọ̀."

"Mo ní ta ló fi í síbẹ̀?"

"Dókítà eyín."

"Awò tí ẹ fi ń kàwé níwájú ìjọ ńkọ́? Ṣé òun lẹ gbé wáyé?"

"Ohun tó sọnù nìyẹn ń dá padà. Eléyìí fẹ́ fi kún ohun tí Ọlọ́run ṣe."

"Ẹ wò ó, ẹ ti mọ ìyàtọ̀, kí lẹ tún ń bẹ̀rù? Ẹ tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi àwọn tó kù sílẹ̀."

Rọra, tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, dá sí i. "Àǹtí mi, ẹ bá wọn sọ ọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ìdajì tiwọn mọ́ tèmi."

"Ìdajì wo? Ìwọ tó jẹ́ ẹnu lo fi ń gbé ẹrù!"

Kò-Wúwo ní àfi kí òun bi pásítọ̀. Mo bá a lọ, nítorí mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lójú. Pásítọ̀ wa kì í yára dáhùn, ìwà yẹn sì máa ń jẹ mí ní àkókò. Ó yí ẹ̀wù náà síwá sẹ́yìn, ó bi mí bóyá ó máa ń gbóná, lẹ́yìn náà ó fọwọ́ lé àyà ara rẹ̀.

"Díákónì, ẹ̀rọ kékeré kan wà lábẹ́ awọ níbí. Òun ló ń rán ọkàn mi létí pé kó lù. Ṣé kí n máa yọ ọ́ kalẹ̀ kí n tó gun orí àga ìwàásù?"

"Ká má rí i, sà."

"Ẹ ṣeun. Ìwàásù ọjọ́ náà ì bá kúrú jù."

Kò-Wúwo gbìyànjú kó má rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kẹta yẹn ńkọ́, sà? Ìyẹn kì í ṣe ìwòsàn mọ́."

"Olúwa wo arọ sàn, ó ní kó gbé ẹní rẹ̀ kó máa lọ sílé. Kò ní kó gbé ilé náà." Pásítọ̀ gbé ẹ̀wù náà kalẹ̀. "Mi ò ní sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ wà nínú irin. Ọlọ́run ló fún wa ní ọgbọ́n tí a fi rọ ọ́. Àmọ́ ó ní ibi tó fi agbára wa mọ, mi ò sì rò pé àṣìṣe ni. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ẹni tó bá lè dá gbogbo nǹkan ṣe, kí ló tún fẹ́ fi ọmọnìkejì ṣe? Agbára yòówù tí ẹ bá gbé wọ̀, ẹ máa bi í pé, ṣé ò ń mú mi sún mọ́ ẹnìkejì mi ni, àbí ò ń mú mi jìnnà sí i?"

"Ṣé kí n wọ̀ ọ́ àbí kí n má wọ̀ ọ́, sà?"

"Ẹ wọ̀ ọ́. Kẹ́ ẹ sì máa bi í."

Inú mi dùn pé a rí ìdáhùn kan gbé lọ sílé.

Lákọ̀ọ́kọ́, bọ́tìnnì èkíní ló ń tẹ̀, ó ń gbé ẹrù bíi ti tẹ́lẹ̀, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbogbo orí àtẹ̀gùn. Nígbà tó yá, ó ní èkíní yẹn ń sùn lẹ́nu iṣẹ́. Ó bọ́ sí èkejì. Kò pẹ́ tí ìka rẹ̀ fi mọ ọ̀nà ẹ̀kẹta, kò sì padà mọ́. Ó dá gbé fíríìjì. Ó dá gbé ibùsùn tòun ti tìmùtìmù lórí, ó ń súfèé orin ìsìn. Àwọn oníbàárà ń pàtẹ́wọ́, díákónì wa sì ń tẹrí ba bí ẹni pé òun ló rọ irin náà. Nílé, ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀ sókè pẹ̀lú aṣọ oníbàárà lẹ́nu abẹ́rẹ́, pé kó gbálẹ̀ abẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà sọ fún un pé alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Ti Rọra ló wá ṣòro.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n gbé?"

"Gbé ìrọ̀rí."

"Mo ti gbé e."

"Gbé èkejì."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Rọra rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà tó di ojoojúmọ́, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ń nu dígí iwájú lọ́rì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ìjọ wa fẹ́ kó kúrò ní gbọ̀ngàn òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ sí ti ìsàlẹ̀, dùùrù ńlá onígi sì ni olórí ẹrù. Ká ní Kò-Wúwo lè dá a gbé ni, ì bá dá a gbé, àmọ́ kọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn náà há, ó sì gba ẹni tó ń ríran lókè. Rọra mú òkè. Àwọn akọrin dúró nísàlẹ̀, wọ́n ń wòran. Kò-Wúwo tẹ ẹ̀kẹta, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó ní kò wúwo.

Níbi kọ̀rọ̀, dùùrù náà fì, ó sì há ọwọ́ Rọra mọ́ ògiri. Ọwọ́ náà fà, ó gbọ̀n. Bó bá ṣe ti tẹ́lẹ̀ ni, Kò-Wúwo ì bá ti dúró. Ẹ̀wù náà ń fà lọ.

"Ẹ rọra! Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra!"

"Mo gbọ́," ni Kò-Wúwo wí, ó sì tún fà á. Ta ló ń dúró nítorí rọra tó ń gbọ́ lójoojúmọ́?

"Ìka mi! Ìka mi wà níbẹ̀!"

Ó dúró. Ó ti dùùrù náà padà sókè díẹ̀, Rọra sì fa ọwọ́ yọ. Ìka méjì ti wú, èékánná ti ń dúdú. Ọpẹ́ ni pé eegun ò kán. Rọra jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó di ọwọ́ náà mú sáàárín itan.

"Fi hàn mí," ni Kò-Wúwo wí. Àmọ́ kò lè gòkè lọ bá a. Dùùrù wà láàárín wọn, òun ló sì gbé e dání. Gbogbo agbára yẹn, kò lè fi sún mọ́ àna rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ kan.

"Mi ò mọ̀ ọ́n lára," ló wí. "Rọra, mi ò mọ̀ ọ́n lára rárá."

"Ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹ ò ti mọ̀ mí lára, ẹ̀gbọ́n."

"Ọ̀gá," ni Kò-Wúwo pè mí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, "ọwọ́ mi ò ráyè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tẹ èkíní."

Mo ní, "Wàá lè gbé e bí?"

"Mi ò lè dá a gbé. Ẹ ní kí wọ́n wá dì í mú."

Ẹnu yà mí, torí mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ké sí àwọn akọrin. Èyí tó lóhùn jù nínú wọn ní ohùn lòun fi ń sin Olúwa, kì í ṣe apá. Mo ní kó fi apá sìn ín lónìí. Ìgbà tí wọ́n ti dì í mú lọ́tùn-ún lósì ni mo tó na ọwọ́ tẹ bọ́tìnnì náà. Orúnkún Kò-Wúwo tẹ̀, ó mí kanlẹ̀, òógùn bọ́ lójú rẹ̀. Rọra dìde, ó fi ọwọ́ kejì di òkè mú. Oníbàárà mìíràn ń dúró dè wá ládùúgbò kejì, mo sì rán wọn létí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kan, ìsinmi kan ni wọ́n fi gbé dùùrù náà délẹ̀.

Nírọ̀lẹ́, mo yà sílé Kò-Wúwo láti wo ọwọ́ Rọra. Rọra ti ọwọ́ náà bọ inú abọ́ omi tútù lórí tábìlì. Ẹ̀wù irin náà wà lórí ẹsẹ̀ ìyàwó Kò-Wúwo, obìnrin náà ń fi okùn tí wọ́n fi ń rán àpò rán aṣọ líle bo bọ́tìnnì èkejì àti ẹ̀kẹta. Kò-Wúwo dúró tì í.

"Rán an kó le."

"Kó le tó báwo?"

"Kí ọwọ́ mi má lè tú u."

"Àǹtí mi," ni Rọra wí, "bí okùn bá ṣẹ́ kù, ẹ bá mi fi rán ẹnu wọn."

"Tìrẹ ni kó kọ́kọ́ rán," ni Kò-Wúwo wí. "Tí o bá dín rọra rẹ kù, ẹni tó bá gbọ́ ọ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé." Ó fa àga, ó jókòó ti àna rẹ̀, ó sì bá a pààrọ̀ omi inú abọ́ náà. "Ní Mọ́ńdè, mo máa nílò ọ lókè. Ọwọ́ kan pàápàá ti tó."

Mo ní kí wọ́n dúró ná. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ẹ̀wù náà kì í ṣe tiwa, a fi ń gbìyànjú wò ni, ọlọ́jà ò sì ní gba ẹ̀wù tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ lu ní ihò padà. Bí wọ́n bá rán an tán, rírà ni mo rà á yẹn.

Abẹ́rẹ́ dúró lọ́wọ́ ìyàwó Kò-Wúwo. "Ẹ má bínú, sà. Ṣé kí n tú u?"

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wò mí. Mo ro iye tí ọkùnrin yẹn pè é, mo sì tún ro lọ́rì tí Kò-Wúwo ò sí nínú rẹ̀.

Mo ní kó máa rán an lọ, ṣùgbọ́n kó rán an dáadáa, torí mi ò ní ra òmíràn.